Àfọ́kù Bíríkì àti Táìlì Nínú Kọnkéré: Ibi Tó Ti Wúlò àti Ibi Tí Kò Gbọdọ̀ Dé

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ìdílé tí omi lé kúrò nílé ní Ajara àti agbègbè rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo ilé lọ́sàn-án, tí ẹ sì ń padà síbi tí ẹ sá sí tí ilẹ̀ bá ṣú. Ohun tí ẹ ń bá nílé fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: ilẹ̀ yàrá tó ti jìn, ògiri tó wó, táìlì tó ti ṣí kúrò lójú rẹ̀, òkìtì àfọ́kù lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè tó ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé, “Ṣé a ò lè fi àfọ́kù yìí po kọnkéré, kí owó òkúta lè dín kù?”

Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe fún àwọn iṣẹ́ kan, kò sì ṣeé ṣe rárá fún àwọn mìíràn. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì á dín ìnáwó kù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè kọ́ ohun tí yóò wó lu àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ ka ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹ sì kà á fún bíríkìlà tó máa bá yín ṣiṣẹ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ní etíkun

Yanrìn ló pọ̀ ní ilẹ̀ Àgbádárìgì. Àpáta kò sí. Òkúta wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní gíráńáìtì máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn, láti àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bí apá Abẹ́òkúta. Owó ọkọ̀ wà lórí rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tí ọ̀nà bá sì bàjẹ́, owó náà á tún gbéra sí i. Ìdí nìyí tí òkúta fi máa ń wọ́n ju ohun tí ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ẹrù lè rà.

Ìdí kejì ni pé àfọ́kù kò lè máa wà lẹ́nu ọ̀nà títí. Ibo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà á sí? Inú gọ́tà ni, tàbí etí odò. Gọ́tà tí àfọ́kù dí kò lè gbé omi òjò tó ń bọ̀ lọ. Ohun tí a kó kúrò nínú yàrá wa lónìí lè jẹ́ ohun tí yóò dá omi padà sínú yàrá aládùúgbò wa lọ́la. Gbogbo àfọ́kù tí a bá rí iṣẹ́ fún ti kúrò lọ́nà omi nìyẹn.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Àwọn baba ńlá wa kì í da àpáàdì nù lásán. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ọ̀nà àti àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n to àfọ́kù ìkòkò síra wọn lórí ìbú, láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ìtàn àbáláyé so iṣẹ́ yìí mọ́ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ṣì jẹ́ òtítọ́: amọ̀ tí iná ti jó dáadáa kì í yọ́ sínú omi mọ́. Àwọn àgbà sì sọ pé àpáàdì ló tó ko iná lójú.

Àwọn ará Róòmù náà máa ń lọ àfọ́kù ìkòkò àti bíríkì mọ́ ẹfun ìkọ́lé láti fi rẹ́ kànga àti ibi ìpamọ́ omi. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí lọ́dún 1945, tí bọ́ǹbù ti wó àwọn ìlú ńlá Jámánì lulẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ló jáde láti ṣa bíríkì nínú òkìtì àfọ́kù. Wọ́n tún èyí tó pé lò, wọ́n sì fọ́ èyí tó kù fún kọnkéré. Ní Bangladesh, tí omi máa ń kún lọ́dọọdún tí òkúta kò sì pọ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tiwa, bíríkì ni wọ́n ń fọ́ lo dípò òkúta nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kọnkéré títí di òní.

Nítòsí wa níbí, àwọn olùwádìí ní Covenant University ní Ọ̀tà kó àfọ́kù táìlì jọ láti àwọn ibi ìkọ́lé. Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n fi rọ́pò òkúta àti yanrìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ kọnkéré náà láti mọ bó ṣe lágbára tó. Iṣẹ́ wọn fi hàn pé táìlì kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Àmọ́, ẹ rántí pé ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti ṣe é, táìlì tó mọ́ ni wọ́n lò, gbogbo nǹkan ni wọ́n sì wọ̀n. Àfọ́kù tiwa ti mu omi ọ̀sà àti omi ṣáláńgá. Nítorí náà, ìlànà tí a kọ síhìn-ín le ju tiwọn lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣà á: òkìtì márùn-ún

Ẹ má ṣe kó gbogbo àfọ́kù pọ̀. Ẹ pín in sọ́nà márùn-ún.

1. Bíríkì pupa tí iná jó. Èyí ló dára jù fún ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ gbá gbogbo sìmẹ́ǹtì ògbólógbòó tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Bíríkì tó bá ṣì pé, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ tò ó síbì kan, iṣẹ́ mìíràn wà fún un.

2. Táìlì, àwo tánganran, àti àwo ilé ìyàgbẹ́ tó fọ́. Wọ́n le, wọn kì í sì í mu omi púpọ̀. Ìṣòro wọn ni pé ojú wọn ń dán, sìmẹ́ǹtì kì í sì í gbá ojú dídán mú dáadáa. Wọ́n tún máa ń fọ́ ní pẹlẹbẹ, etí wọn sì mú bí abẹ.

3. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì àti kọnkéré ògbólógbòó. Búlọ́ọ̀kù tí à ń rà kì í sábà lágbára tó láti wọ inú kọnkéré tuntun. Ẹ lò ó lábẹ́ ilẹ̀ yàrá, láti fi kún ibi tó jìn kí ẹ sì fi gbé ilẹ̀ náà ga sókè, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gún un mọ́lẹ̀ dáadáa.

4. Amọ̀ tí iná kò jó, pákó, gíláàsì, ọ̀rá, àti POP àjà. Kò sí èyí tó gbọdọ̀ wọ inú kọnkéré nínú wọn. POP burú jù, torí pé ó máa ń bá sìmẹ́ǹtì jà títí kọnkéré á fi wú tí á sì sán.

5. Páànù asbestos àtijọ́, ìyẹn òrùlé funfun tàbí aláwọ̀ eérú tó nípọn, tó ń fọ́ bí àwo. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gé e, ẹ má gbá eruku rẹ̀. Eruku náà ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wọ́n omi sí i kó tutù, ẹ fi ọ̀rá nínípọn wé e, ẹ gbé e sọ́tọ̀ jìnnà sí àwọn ọmọdé, kí ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀.

Ìdánwò mẹ́ta fún bíríkì

Kì í ṣe gbogbo bíríkì ni iná jó dé inú. Kí ẹ tó gbé hámà, ẹ dán àwọn díẹ̀ wò báyìí:

Ìdánwò ohùn: Ẹ mú méjì, ẹ fi wọ́n gbára. Èyí tó jóná dáadáa máa ń dún gbọnrangandan bí agogo. Èyí tí kò jóná máa ń dún gbì.

Ìdánwò omi: Ẹ rẹ ẹyọ kan sínú omi títí di ọjọ́ kejì. Tí omi bá dà bí ẹrẹ̀ tí etí bíríkì náà sì ń ya, kò wúlò.

Ìdánwò iyọ̀: Ẹ gbé èyí tí ẹ rẹ sínú omi náà sí oòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Tí ohun funfun bí ìyẹ̀fun bá hù lára rẹ̀, iyọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí omi ọ̀sà tàbí omi òkun wọ ilé yín, ẹ má fojú fo ìdánwò yìí. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan òkìtì náà, ẹ tún rẹ ẹ́, ẹ sì tún un dán wò. Tó bá ṣì ń hu funfun, ẹ fi kún ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yàrá, ẹ má fi po kọnkéré.

Fífọ́ rẹ̀ láìfara pa

Ẹ má ṣe ṣa àfọ́kù lábẹ́ ògiri tó ti sán tàbí tó ti tẹ̀. Ẹ rí i dájú pé iná mànàmáná ti kúrò lára ilé. Ẹ fi igi tú òkìtì wò, torí pé ejò máa ń sá síbẹ̀ lẹ́yìn omi. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti awò ojú. Ẹyọ táìlì kékeré kan tó ta sójú lè fọ́ ojú náà.

Ẹ wọ́n omi sí bíríkì àti táìlì kí ẹ tó máa fọ́ ọ, kí eruku má bàa gbéra. Eruku yìí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ lo ìbòmú; tí ẹ bá ní aṣọ nìkan, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí iṣẹ́ náà má sì pẹ́ títí. Àwọn ọmọdé àti aláboyún kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Ẹ fọ́ ọ títí tí èyí tó tóbi jù kò fi ní ju ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ, ìyẹn bíi mìlímítà 20. Ẹ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì olójú ńlá yọ èyí tó tóbi jù, lẹ́yìn náà, ẹ fi asẹ́ yanrìn yọ ìyẹ̀fun kúrò. Èyí tó kù láàárín ni à ń fẹ́. Tó bá jẹ́ táìlì ni, ẹ ṣa èyí tó rí pẹlẹbẹ gígùn kúrò, ẹ tún un fọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tó mọ́ fọ gbogbo rẹ̀ títí omi tó ń ṣàn jáde kò fi ní dọ̀tí mọ́.

Ìdí tí bíríkì fi gbọdọ̀ mumi yó kí a tó pò ó

Ibí ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà ti ń ṣe àṣìṣe. Bíríkì ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, òùngbẹ sì máa ń gbẹ ẹ́. Tí ẹ bá da bíríkì gbígbẹ sínú kọnkéré, á fa omi tó yẹ kí sìmẹ́ǹtì lò mu. Kọnkéré náà á le lójijì lábẹ́ ṣọ́bìrì. Bíríkìlà á bu omi sí i. Omi àbùkún yẹn á padà gbẹ, á fi ihò sílẹ̀, kọnkéré tó ní ihò kò sì lágbára.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ rẹ bíríkì tí ẹ ti fọ́ sínú omi láti ìrọ̀lẹ́. Tó bá di òwúrọ̀, ẹ kó o jáde sórí tapólì tàbí asẹ́, kí omi ara rẹ̀ sẹ́. Ẹ lò ó nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù ṣùgbọ́n tí omi kò kán lára rẹ̀ mọ́. Táìlì kò nílò kí a rẹ ẹ́ pẹ́. Kí ẹ ṣáà fọ̀ ọ́ kó sì tutù.

Ìwọ̀n pípò

Garawa kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo nǹkan. Ẹ má ṣe fi ojú wọ̀n ọ́n, ẹ má sì fi ṣọ́bìrì kà á.

Fún ilẹ̀ yàrá àti kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ìpìlẹ̀: sìmẹ́ǹtì garawa 1, yanrìn garawa 3, gíráńáìtì garawa 4, àfọ́kù bíríkì tàbí táìlì garawa 2.

Fún ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ojú àgbàlá tí ọkọ̀ kì í gbà: sìmẹ́ǹtì garawa 1, yanrìn garawa 2, gíráńáìtì garawa 3, àfọ́kù garawa 1.

Ẹ kò gbọdọ̀ fi àfọ́kù kún un ju èyí lọ. Ẹ má sì ṣe dín sìmẹ́ǹtì kù nítorí pé ẹ ní ìyẹ̀fun bíríkì. Òótọ́ ni pé ìyẹ̀fun bíríkì tí ẹ̀rọ lọ̀ kúnná lè ran sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tí hámà fọ́ kò kúnná tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára àpò sìmẹ́ǹtì. Láti ọdún 2014 ni àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti sọ pé sìmẹ́ǹtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 ni ti kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù. Yanrìn odò ni kí ẹ lò. Yanrìn etí òkun ní iyọ̀ nínú, kò dára. Omi tí ẹ bá máa fi pò ó náà kò gbọdọ̀ níyọ̀: omi òjò dára, omi kànga tí kò dùn níyọ̀ lẹ́nu náà dára.

Fún garawa sìmẹ́ǹtì kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin garawa, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju garawa kan lọ. Ẹ fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ bu kọnkéré náà, ẹ ṣù ú. Tó bá dúró bí ẹ̀bà tí omi kò sì kán nínú rẹ̀, ó ti tó.

Àpẹẹrẹ: yàrá kan

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, tí kọnkéré ilẹ̀ rẹ̀ nípọn tó ínṣì 3. Tí a bá lo gíráńáìtì nìkan, ó máa gba bíi àpò sìmẹ́ǹtì 4, yanrìn wílìbárò 6, àti gíráńáìtì wílìbárò 12. Pẹ̀lú ìwọ̀n tí a fún yín lókè yìí, gíráńáìtì á di wílìbárò 8, àfọ́kù á sì gba ipò wílìbárò 4 tó kù. Nínú wílìbárò òkúta mẹ́ta, ẹyọ kan ni ẹ kò ní rà mọ́. Tó bá jẹ́ yàrá mẹ́ta ni, wílìbárò 12 nìyẹn, ó tó òkúta odindi yàrá kan.

Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú nínípọn sábẹ́ kọnkéré kí ẹ tó dà á, torí pé bíríkì máa ń fa omi ilẹ̀ sókè. Ẹ fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì, garawa 4 sí 1, tẹ́ ojú rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Táìlì tó mú kò gbọdọ̀ yọrí sókè níbi tí ọmọ yóò ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn.

Ẹ ṣètọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ méje

Kọnkéré kì í le torí pé oòrùn gbẹ ẹ́. Omi ni sìmẹ́ǹtì fi ń le. Ní ọjọ́ kejì tí ẹ bá dà á, ẹ fi àpò tútù tàbí ọ̀rá bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ẹ má gbé ẹrù wúwo lé e kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé.

Kí ẹ tó da yàrá, ẹ kọ́kọ́ po díẹ̀, ẹ dà á sínú agolo tàbí páálí tó tóbi tó búrẹ́dì kan. Lẹ́yìn ọjọ́ méje tí ẹ ti ń fi omi tọ́jú rẹ̀, ẹ fi ìṣó ha á. Tí ìṣó bá wọlé tàbí tó ń hú yanrìn jáde, nǹkan kan kù: bóyá ìwọ̀n ni, tàbí omi, tàbí àfọ́kù fúnra rẹ̀. Ẹ má da yàrá títí ẹ ó fi rí ibi tó ti wá.

Ibi tí kọnkéré yìí kò gbọdọ̀ dé

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. A kò gbọdọ̀ fi kọnkéré alafọ́kù yìí ṣe òpó ilé, bíìmù, líntẹ́ẹ̀lì, dẹ́kìn, àtẹ̀gùn, ìdérí ṣáláńgá tàbí ìdérí kànga. A kò gbọdọ̀ fi ṣe ohunkóhun tó ní irin rọ́ọ̀dù nínú. Iyọ̀ tó bá kù nínú àfọ́kù máa ń mú kí irin dípẹtà. Irin tó dípẹtà máa ń wú, á sì la kọnkéré láti inú wá, láìjẹ́ pé ojú rí i lóde. Ilé tó bá wó kò ní bi wá bóyá owó ló wọ́n wa. Ohunkóhun tí èèyàn lè dúró lábẹ́ rẹ̀, tàbí tó lè já èèyàn sínú kòtò, ẹ jẹ́ ká fi gíráńáìtì tó mọ́ ṣe é, kódà bí a bá ní láti dúró títí owó rẹ̀ yóò fi pé.

Tí bíríkìlà bá sọ fún yín pé kò séwu, pé òun ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ẹ fi ojú ìwé yìí hàn án.

Kí ẹ tó gbé hámà

Àfọ́kù ní olówó. Òkìtì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò tíì padà dé ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ẹ má kó o láìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ayálégbé, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀ yàrá, kí ẹ sì jọ kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀. Tí ògiri ilé bá ti sán tàbí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti hàn síta, ẹ jẹ́ kí LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ilẹ̀ yàrá. Kò sí àǹfààní nínú ilẹ̀ dídán lábẹ́ ògiri tó fẹ́ wó.

Iṣẹ́ yìí dùn láti ṣe pọ̀. Ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún lè pa hámà, asẹ́ àti garawa pọ̀, kí wọ́n fọ́ àfọ́kù gbogbo wọn lójú kan, kí wọ́n sì máa da ilẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan tẹ̀ léra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé àgbàlagbà tàbí opó tí kò ní ọmọ tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Nínú òkìtì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín, èwo ni bíríkì tí iná jó, èwo sì ni búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì? Iṣẹ́ wo ni ti ìkọ̀ọ̀kan?
2. Kí ló dé tí a fi ń rẹ bíríkì sínú omi láti alẹ́?
3. Dárúkọ nǹkan mẹ́ta tí a kò gbọdọ̀ fi kọnkéré alafọ́kù ṣe, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.
4. Gọ́tà wo ládùúgbò wa ni àfọ́kù ti dí? Ta ni yóò lọ ṣí i, ọjọ́ wo sì ni?

Ẹ tọ́jú ìwé yìí sínú ọ̀rá kí omi má bàa bà á jẹ́. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ fún aládùúgbò. Ilé á tùn yín lára o.